Láti Ìkòkò Orí Iná sí Ìkòkò Ọtí: Ọ̀rọ̀ lórí Ìtàn Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Bí a bá dárúkọ ọtí ní Ìjerò, ní Arámọ̀kọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹmu ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ènìyàn lọ́kàn. Kò yani lẹ́nu, nítorí ọ̀pẹ kò wọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹmu fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ara rẹ̀ di ọtí; bí ó ti ń kán sínú akèrègbè ni ó ti ń wú. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n orí ni a fi ń ṣe é, ọwọ́ àwọn obìnrin ni ọgbọ́n náà sì wà. Àwọn òpìtàn wa kọ púpọ̀ nípa Kírìjì àti àwọn ọba, wọ́n sì fi ìkòkò àwọn ìyá sílẹ̀. Ní tèmi, àbùkù ni èyí jẹ́ fún ìtàn wa.

A ó rẹ àgbàdo sínú omi, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé, a ó sì bò ó títí yóò fi hu. Híhù yìí ni ó ń jí agbára tí ń sọ ìyẹ̀fun inú ọkà di adùn. Ní 1833 ni àwọn ará Faransé méjì, Payen àti Persoz, ya agbára náà sọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó sá àgbàdo náà, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì sè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà gan-an ni ìgbà tí omi dídùn yìí bá ń kúrò nínú ìkòkò orí iná lọ sínú ìkòkò ọtí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí a kàn dà á. A ní láti jẹ́ kí ó tutù, kí a fi ajọ̀ sẹ́ ẹ, kí a tó rọ ọ́. Bí ó bá gbóná, yóò pa ìwúkàrà. Bí ó bá sì pẹ́ jù ní gbangba, àwọn kòkòrò mìíràn a ti débẹ̀ ṣáájú, ọtí náà a sì kan gógó. (Ẹ̀yin olùdánwò, ẹ kíyè sí rẹ, sá, lọ̀, sè, sẹ́ àti rọ. Ẹni tí ó bá fi “dà” rọ́pò sẹ́ àti rọ ti sọ idán náà nù.)

Inú ìkòkò tí ọtí àná ti wà, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n ń rọ tuntun sí. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, bí èyí tí àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì ń mọ, ní ihò wẹ́wẹ́ tí ìwúkàrà lè fara pamọ́ sí. Ní 1876 ni Pasteur tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde. Ní 1883 ni Hansen ya irú ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní Denmark. Àwọn ìyá wa kò fojú rí ìwúkàrà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ó ń gbé.

Kí ni ó wá fa ìfàsẹ́yìn? Ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá dé Ẹ̀fọ̀n ní 1930, ìjọ tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde kò fàyè gba ọtí. Ní 1949 ni bíà Star kọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní 1978 ilé-iṣẹ́ ọtí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iléṣà, ìlú tí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n. Ọkà báálì tí a ń kó láti òkè òkun ni ilé-iṣẹ́ bíà gbẹ́kẹ̀ lé, àfi ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó o wọlé ní 1988. Àwọn ọ̀gá onímọ̀ wá padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tí ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò fi sílẹ̀ rí. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń lo ọkà bàbà.

Nínú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń mú omi sísè náà tutù kí ó tó wọ àgbá onírin. Ìwúkàrà tí ó bá sì rọ̀ sísàlẹ̀ àgbá ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n ń dà sínú ọtí tí ó kàn.