St. Gregory's College, Ọbaléńdé: Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan ní Èkó

Ní ọdún 1928 ni ìjọ Kátólíìkì dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Ọbaléńdé, ní Èkó, fún ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọkùnrin. Póòpù Gregory Ńlá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn ju ọdún náà lọ. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó gba òmìnira ní Brazil tí wọ́n sì padà wálé, ti ń sin Ọlọ́run ní ìlànà Kátólíìkì ní Èkó kí àlùfáà tó wá bá wọn gbé. Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń darí wọn. Ní 1868, Fáda Pierre Bouche ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì bá dé ni ilé-ìwé ń dé.

Ìgbàgbọ́ àti ìmọ̀ ni St. Gregory's College fi ṣe ìlànà: *Pro Fide et Scientia*. Nínú àwọn tó kàwé níbẹ̀ ni Kádínà Anthony Olubunmi Okogie àti olórin Victor Uwaifo wà. Ní 1945, Holy Child College bẹ̀rẹ̀ nítòsí rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin.

Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ, títí kan St. Gregory's. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tún fẹ́ fòpin sí ilé-ìwé aládàáni ní 1980, Okogie, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó, pe ìjọba lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fi hàn pé òfin fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ní 2001, lábẹ́ Gómìnà Bọ́lá Tinúbú, ìpínlẹ̀ dá àwọn ilé-ìwé padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n.

Ìdápadà náà gbé ẹrù tuntun lé ìjọ lórí. Owó ilé-ìwé àwọn òbí ló ń gbé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ró báyìí. Síbẹ̀, àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó gbòòrò dé Ìgbògbò, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọmọ tálákà wà. Ojúṣe ìjọ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ni láti rí i pé àìlówó òbí kò ti ọmọ olóye mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.