Abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú: ìtàn ìrora ẹ̀yìn láti Bukuru dé Ṣáínà

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn la mú wá lónìí, torí àwa oníṣòwò tá à ń gbé ẹrù mọ̀ ọ́n dáadáa.

Torí tíìnì, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ni rélùwéè ṣe dé Bukuru ní 1914. Orí làwọn lébìrà fi ń ru yẹ̀pẹ̀ níbi ìwakùsà. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, wanzami á fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ƙaho nìyẹn. Nílé tiwa, gbẹ́rẹ́ ni wọ́n á sín síbẹ̀, wọ́n á fi oògùn ra á.

Àwọn ará Ṣáínà náà ní tiwọn, ó ti lé ní 2,000 ọdún. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Wọ́n á gún un sí ojú ibi pàtó lára, á wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ní July 1971, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan, James Reston, ní Peking. Àwọn kan ń sọ pé abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi pa ìrora nígbà tí wọ́n ń la ikùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Oògùn òyìnbó ni. Ìgbà tí ikùn ń dùn ún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gún abẹ́rẹ́. Ó kọ ọ́ sínú New York Times, ariwo bá ta.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni Ṣáínà ti rán dókítà lọ sí Algeria ní 1963. Wọ́n dé Benin, ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí, ní 1978. Àwọn agúnbẹ́rẹ́ sábà máa ń wà láàárín wọn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí ní ó ń dín ìrora ẹ̀yìn tó ti pẹ́ kù fáwọn kan, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn tí wọ́n fi dán an wò lọ. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu.

Èyí tó ká mi lára jù rèé: ì báà ṣe abẹ́rẹ́, ìwo tàbí abẹ gbẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè gbé HIV àti hepatitis B wọlé. Abẹ tuntun, abẹ́rẹ́ tuntun, ojú yín ni kí wọ́n ti já a. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń kú tipiri, tàbí ìtọ̀ ò ṣeé tọ̀ mọ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bá ayé ìwakùsà, ẹ bá wa fi tiyín kún un.