Ẹ̀yìnkùlé Nígbà Àkọ́rọ̀ Òjò: Ìtàn Tí Ewé Ń Sọ

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àyọkà Gẹ̀ẹ́sì kan láti túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Àyọkà náà sọ nípa ìdílé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jáde sínú ọgbà wọn nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń gbin òdòdó, tí àwọn ọmọ wọn sì ń ṣeré lórí koríko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n rí "ìgbà ìrúwé", wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo ni ìgbà ìrúwé tiwa?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, pé oòrùn àti òjò nìkan ni Ọlọ́run fún wa. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tí mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni ọmọ náà béèrè. Àpilẹ̀kọ yìí ni ìdáhùn tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Lóòótọ́, ìgbà méjì gbòógì ni ọdún pín sí ní ilẹ̀ wa: ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Láti oṣù Bélú títí di Èrèlé ni ẹ̀ẹ̀rùn fi ń jọba. Inú rẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí ètè á máa là, tí eruku á sì bo gbogbo ewé. Igi ńlá bí ìrókò àti àràbà a máa wọ́wé lásìkò yìí. Bí ó bá di oṣù Ẹrẹ́nà, ooru á mú, ojú ọ̀run á ṣú, ìjì á jà, àkọ́rọ̀ òjò á sì rọ̀. Láti ìgbà náà ni òjò á ti máa pọ̀ sí i títí di Òkúdu àti Agẹmọ. Á sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún, á tún gbérasọ ní Ọwẹ́wẹ̀, kí ó tó dáwọ́ dúró ní nǹkan bí òpin Ọ̀wàrà. Ohun tí òpin òtútù jẹ́ fún ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àkọ́rọ̀ jẹ́ fún àwọn baba ńlá wa. Ìgbà náà ni ewé ń rú, ìgbà náà ni iṣẹ́ ọdún sì ń bẹ̀rẹ̀.

Kí òjò tó dé ni a ti ń múra sílẹ̀ fún un nínú ilé. Kí páànù tó di ohun tí gbogbo ènìyàn fi ń bolé, koríko ni àwọn ará ọ̀dàn ń lò, ewé gbodogi sì ni ọ̀pọ̀ ará igbó fi ń bo tiwọn. Koríko tí a mọ̀ mọ Ọ̀yọ́ jù ni bẹẹrẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti gbẹ, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru ú wá sí ààfin fún àtúnṣe òrùlé. Èyí ni wọ́n ń pè ní ọdún Bẹẹrẹ. Ìwúrí àti ìtẹríba fún ọba wà nínú rẹ̀, a sì fi ń mọ ìlú tó ṣì ń sìn àti èyí tó ti ń ṣe orí kunkun. Síbẹ̀, bí a bá wo ìdí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé orí ohun kan tí gbogbo baálé ilé mọ̀ ni ó dúró lé: òjò ń bọ̀, ilé kò sì gbọdọ̀ jò.

Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, gbogbo ohun tó lè gba omi ni àwọn obìnrin ilé ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: ìkòkò, àmù, odù. Ẹni tó ti ń rìn jìnnà lọ sódò láti ìgbà ọyẹ́ á sinmi díẹ̀. Ní alẹ́, èsúnsún á máa fò yí àtùpà ká. Àwọn ọmọdé á gbé abọ́ omi sábẹ́ iná, wọ́n á kó èyí tó bá já sínú rẹ̀, wọ́n á yan án jẹ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìgbín ti jáde, olú sì ti hù ní ìdí igi tó ti jẹrà. Ọjọ́ náà gan-an ni ìyá àgbà ń tú irúgbìn tó ti so mọ́ àjà lókè ààrò, níbi tí èéfín kò ti jẹ́ kí kòkòrò fọwọ́ kàn án, tí ó sì ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé yìí, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn wà. Iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ni oko ní ọ̀pọ̀ ibi. Oko etílé kò jìnnà sí odi ìlú, ṣùgbọ́n oko egàn wà nínú igbó níbi tí ènìyàn ti ń sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó padà wálé. Ẹ̀yìnkùlé ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ kékeré tó wà láàárín ògiri àti ààtàn, àwọn ìyá ló sì ń darí rẹ̀. Eérú ààrò, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìyẹ ti sọ ọ́ di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀, ata àti àgbàdo. Ewúro àti efinrin ti wà ní ìdí ògiri láti ọdún mọ́dún. Ẹbọ̀lọ̀ àti gbúre a sì máa hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n.

Bí a bá to àwọn ewé àti èso wọ̀nyí sílẹ̀, tí a sì béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹnu á yà wá. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ewúro, ẹ̀wà àti iṣu funfun ti wá. Ṣùgbọ́n àlejò ni àgbàdo. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá tó mọ̀ ọ́n kí àwọn ará Yúróòpù tó ń gba orí òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ó dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú òwò àwọn Pọtogí. Ará Amẹ́ríkà náà ni ata, tòmátì, ẹ̀pà, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀gẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn ní tiwọn wá láti Éṣíà.

Báwo ni àlejò ṣe wá di ọmọ onílé? Ẹ wo ìṣírò ọdún àgbẹ̀. Iṣu tí a kórè ní ọdún tó kọjá kì í pẹ́ tán lẹ́yìn tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, nítorí a ti gbin apá kan rẹ̀ padà, apá kan sì ti ń hù. Iṣu tuntun kì í sábà tó jẹ títí di Agẹmọ tàbí Ògún. Ọkà bàbà, tó jẹ́ ọkà àwọn baba wa, a máa lò tó oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kí ó tó gbó, ìparí òjò ni a sì ń kórè rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí ewé tutù jù lọ lójú ni ikùn máa ń ṣófo jù. Àgbàdo tí a gbìn pẹ̀lú àkọ́rọ̀ òjò ti ṣeé sè, ó sì ṣeé sun, ní Òkúdu. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta péré! Àárín ebi yẹn gan-an ni ó wọ̀. Ìyàwó ilé tó gbin kóró díẹ̀ sí ìdí ààtàn láti dán an wò kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un ní ọdún kejì.

Nígbà tí Hugh Clapperton gba Bàdágìrì wọ ilẹ̀ Yorùbá ní ìparí ọdún 1825, tí Richard àti John Lander sì tún gba ọ̀nà kan náà ní Ẹrẹ́nà ọdún 1830, àgbàdo ti di oúnjẹ ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ wa. Ògì àti ẹ̀kọ ti di ti gbogbo ilé. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò fi hàn mọ́ pé àlejò ni. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣì ń ru àmì àjèjì kiri nínú orúkọ rẹ̀. Àgbàdo ti bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gírámà àti ẹ̀kọ́ ìtàn pàdé níbí, ó sì yẹ kí a máa fi han àwọn ọmọ.

Ẹ̀gẹ́ ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn kan ti mọ̀ ọ́n ní etíkun tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà, èyíinì ni àwọn ọmọ wa tó bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n sì ń padà wá láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n sísọ ọ́ di gàrí kálẹ̀ ní Èkó àti agbègbè rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà àbọ̀ nìkan ni ohun ọ̀gbìn tọ̀. Ilá náà bá àwọn ẹrú dé òdìkejì òkun. Ní Bahia títí di òní, ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní amalá ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ Ṣàngó. Ọ̀pọ̀ orúkọ ewé ni wọ́n kò sì gbàgbé lọ́hùn-ún, ní Bràsíìlì àti ní Kúbà. Àwọn tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, tí a gba ilé àti orúkọ wọn, di orúkọ ewé mú.

Nílé níbí, ẹ̀yìnkùlé ti gbà wá sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 1950, àrùn kan dé Nàìjíríà tó ń mú kí ewé àgbàdo rí bí irin tó dógùn-ún. Ọ̀pọ̀ àgbàdo run. Àwọn onímọ̀ ní Moor Plantation ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó wá irúgbìn tó lè kojú rẹ̀, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà tí àgbàdo ti wá. Ní ọdún 1976, nígbà tí owó epo ti sọ oko di ohun ìgbàgbé, ìjọba ológun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Feed the Nation, wọ́n sì rọ òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti gbin nǹkan sí àyíká ilé wọn. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo sì rántí àgbàdo tó ga jù mí lọ lójú fèrèsé wa. Lẹ́yìn ọdún 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé, tí owó oṣù kò tó jẹun mọ́, ìyá mi tún padà sídìí ewédú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti Èkó pa nítorí àrùn kòrónà, àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni. Ẹni tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé rí ẹ̀fọ́ já. Ẹni tó ti da kọnkéré bo tirẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan wá. Lónìí, bí a bá kọ́lé tán, ohun tó kàn ni kí a da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àyíká. Ó mọ́ lójú, kì í sì í jẹ́ kí ẹrẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n omi tí ilẹ̀ ìbá mu kò ríbi lọ mọ́ ju ojú pópó. Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún bo ilé àti ènìyàn, tàbí ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011 tí omíyalé tún ṣẹlẹ̀. Ìdọ̀tí inú odò àti ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bi náà. Ilẹ̀ tí a bò pa ń dá kún un.

Àdánù kejì kò pariwo bí omíyalé. Ní ọjọ́ kan, mo kó ewé mẹ́wàá wá sí kíláàsì. Mo ní kí àwọn ọmọ pe orúkọ wọn. Gbogbo wọn mọ ewédú àti ewúro. Àwọn díẹ̀ mọ efinrin nípa òórùn rẹ̀. Nígbà tó kan ẹbọ̀lọ̀, kíláàsì dákẹ́. Ẹnìkan ní, "Koríko ni, mà." Ewé tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sebẹ̀ tọ́ ìyá rẹ̀ dàgbà ni ó ń pè ní koríko.

N kò sọ pé kí gbogbo wa padà sí ilé koríko. Páànù dára, omi ẹ̀rọ sì dára ju omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ níbi tí ó bá ti ń yọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àmúrelé kan nígbà àkọ́rọ̀ òjò tó ń bọ̀: kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ewé márùn-ún ní àyíká ilé, kí ó bi àgbàlagbà kan léèrè orúkọ wọn àti ohun tí a fi ń ṣe, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí àwọn òbí yín bá fẹ́ da sìmẹ́ńtì, ẹ bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí wọ́n ṣẹ́ igun kan kù.

Ọmọbìnrin tó bi mí léèrè nígbà náà ti jáde ilé ìwé báyìí. Bí ó bá ń ka èyí, kí ó mọ̀ pé a ní ìgbà ìrúwé. Oṣù Ẹrẹ́nà ni ó ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ilé.