Ọ̀rọ̀ tí Etí Lè Jẹ́rìí Sí

Ọ̀fẹ́ ni Pure Data, ètò kọ̀ǹpútà tí Miller Puckette ṣe ní àwọn ọdún 1990 fún ṣíṣẹ̀dá ìró. Kò sí dùùrù, kò sí ìlù nínú rẹ̀. Àpótí kéékèèké ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà, yóò sì máa fi okùn so wọ́n pọ̀. Kọ phasor~ 110 sínú ọ̀kan, so ó mọ́ lop~ 800, mú un gba inú *~ 0.1 kí ó má baà fọ́ wa létí, kí o wá so ó mọ́ dac~ tó ń gbé ìró jáde, kí o sì tan ìró ètò náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìró kan yóò máa kùn yùn-ùn, tó ń gbọ̀n nígbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Sọ 800 di 3000, ó mú ṣáṣá. Sọ ọ́ di 200, ó rọ̀, mímú rẹ̀ á sì lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú irú ètò yìí nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé etí ló yẹ kó yan èdè ìperí tí a ó fi kọ́ ọ ní Yorùbá.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa ti la ọ̀nà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ìró tó ń mú tán-án-ná gbọ̀n, ìró akùnyùn ni wọ́n pè é. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu sì ṣe ń jáde gan-an nìyẹn: tán-án-ná á kùn, ẹnu àti imú á tún ohun tó kùn náà ṣe. Iṣẹ́ tán-án-ná ni phasor~ ń ṣe, iṣẹ́ ẹnu ni lop~ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a pe ti àkọ́kọ́ ní orísun akùnyùn.

Asẹ́ ni mo fara mọ́ fún èkejì. Mẹkáníìkì ní fílítà, àmọ́ ìdọ̀tí ni tiwọn ń gbà dúró, ìró tí lop~ dá dúró kì í sì í ṣe ìdọ̀tí. Asẹ́ tún fún wa ní ẹ̀bùn kejì: ojú rẹ̀ ló ń pinnu ohun tó máa kọjá. Ojú asẹ́ ni 800 yẹn. Ìró tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ìyókù bá ṣe ga sí, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ṣe ń dín kù.

Ibi tó le jù ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní envelope, ìyẹn bí ìró ṣe ń lágbára tó ṣe ń rẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá lọ sínú ìwé atúmọ̀ á mú àpòòwé bọ̀. Á pe attack ní ìkọlù, bí ẹni pé ogun dé. Ìrìn ìró ni mo pe envelope. Lu agogo: ìdìde rẹ̀ kò gba àkókò rárá, ó sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fun fèrè: ó rọra dìde, ó dúró títí èémí fi tán, ó wá parẹ́. Ìdìde, ìrọlẹ̀, ìdúró, ìparẹ́. Àmọ́ ìdúró nìkan ò tó. Àkókò ni a fi ń wọn mẹ́ta yòókù, ṣùgbọ́n agbára tí ìró dúró lé lórí ni a ń wọ̀n níbẹ̀, ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà lédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwọ̀n ìdúró ló yẹ kí a kọ.

Àwọn orúkọ bíi phasor~ àti dac~ kò ní í yí padà. Ṣùgbọ́n Pure Data gbà kí ẹnikẹ́ni kó àpótí jọ sínú fáìlì kan, kí ó sì fún un lórúkọ tirẹ̀. Olùkọ́ tó bá fi lop~ àti ohun tó yí i ká pamọ́ sí ase.pd, láìfi àmì sí i, ti ní àpótí tuntun: nínú iṣẹ́ tó bá wà nínú fódà kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ ase, kọ̀ǹpútà á sì jẹ́ ẹ.