Àjẹsára

Tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, «jẹ», «sí» àti «ara» ni wàá bá níbẹ̀: ohun tí a jẹ sí ara. Oògùn tí èèyàn jẹ kí àrùn tó dé ni àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ òyìnbó dé, orúkọ náà bá a lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá la ń gún un sí. Ti rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu ṣì ń tọ ọ̀nà àtijọ́.

Ṣùgbọ́n wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ààbò kò sí nínú rẹ̀. Àwa la fi ìyẹn kún un. Ìbátan rẹ̀ ni àjẹkì tó ń ba inú jẹ́, àti àjẹsílẹ̀, gbèsè tó ń dúró de ọmọ. «Jẹ» kò ṣèlérí ire fún ẹnikẹ́ni.

Àìsàn kan wà tó fi èyí hàn. Ní 1970, dókítà ará Japan kan, Yukimasa Hirata, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn aláìsàn kan tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń já wálẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ń gbógun ti ínsúlínì tirẹ̀, èròjà tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù. Nígbà tó yá, ní Japan àti Ítálì, wọ́n rí i pé alpha-lipoic acid ni àwọn kan tó ní irú àìsàn yìí ń lò: kóró tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ fọn, ẹni tí kò fẹ́ darúgbó, àti ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ta lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n méjì tí imí-ọjọ́ so pọ̀ ni ínsúlínì. Imí-ọjọ́ wà nínú kóró yìí náà, àwọn onímọ̀ sì gbà pé ó lè tú ìsopọ̀ yẹn, tí ínsúlínì á fi dà bí àjèjì lójú àwọn ọmọ ogun ara. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lò ó ló ń ṣe. Àwọn tí àbùdá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló máa ń mú jù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹun, àwọn ọmọ ogun yìí á gbá ínsúlínì mú bí alájàpá tó kó ọjà pamọ́. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí oúnjẹ ti dà, wọ́n á tú u sílẹ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀. Òógùn tútù á bo ẹni náà, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á ṣú. Bó bá mu omi ṣúgà, ojú rẹ̀ á wálẹ̀, títí di ìgbà mìíràn.

Ìtọ́jú àìsàn yìí kò le púpọ̀: kí aláìsàn jáwọ́ nínú kóró náà, kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ níbẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn mìíràn á gba oògùn tó ń pẹ̀tù sí ọmọ ogun ara.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé dókítà máa ń béèrè oògùn tí èèyàn ń lò, aláìsàn kò sì ní ka kóró yìí mọ́ oògùn. Ìbéèrè tó péye ti wà nínú èdè wa tipẹ́: kí lẹ ń jẹ sára?