Òṣùká Wáyà: Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Fi Ra Tiransifọ́mà ní Abidjan

Ní Treichville àti Adjamé, ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Abidjan kì í pe tiransifọ́mà ní tiransifọ́mà. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn elédè Faransé ló ń sọ: "Bọ̀dá, ẹ bá mi wo transfo yìí, ó jọ pé bobine ẹ̀ ti jó." Bí ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Mushin bá gbọ́, yóò mọ̀ pé nǹkan ti jó. Ohun tó jó gan-an ni kò ní mọ̀, torí kọ́ìlì ni tirẹ̀ ń jẹ́. Yorùbá kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni kò pa wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé fún àwọn méjèèjì lórí bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ to áńpù gìtá onífáàfù, ọ̀rọ̀ ta ni kó lò?

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984 la ọ̀nà fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú áyọ́ọ̀nù sọ́dà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, áńpù onífáàfù kò ṣàjèjì sí orin wa. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè, àgbà olórin jùjú, gbé bánjò rẹ̀ sílẹ̀ ó mú gìtá, torí kò ríbi lẹ máíkì mọ́ lára bánjò. Ìparí 1947 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, kò tíì dé ọjà, nítorí náà fáàfù ló gbé ohùn gìtá yẹn jáde.

Fáàfù gan-an, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó ń tún rédíò ṣe láyé ìgbà tí rédíò ní láti kọ́kọ́ gbóná kó tó sọ̀rọ̀ ṣe ń pè é nìyẹn. Lampe ni Faransé ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ sọ lampe di gílóòbù, kí ẹ wá rán ọmọ lọ sọ́jà: gílóòbù iná ilé ni yóò rà bọ̀. Tiransifọ́mà náà, kó dúró. NEPA ti kọ́ gbogbo àdúgbò ní ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà mọ ọjọ́ tí tiransifọ́mà bú gbàù. Ẹni tó bá sọ ọ́ ní amúnádínkù yóò ṣi ni lọ́nà, torí ti áńpù gìtá ń dín iná kù lápá kan, ó sì ń gbé e ga lápá kejì.

Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra, wọ́n wá fi wáyà bàbà yí i ká lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Wáyà tí a wé, a kò lè pè é ní ìwé. Ìyẹn ti ní oní-ǹkan. Òṣùká ni mo mú: ohun tí alárùú ń fi sábẹ́ ẹrù, ohun tí ejò ń ṣe nígbà tó bá ká jọ. Òṣùká àgbàwọlé ló ń gba iná ògiri, àwọn òṣùká àgbàjáde ló ń pín in fún áńpù. Wáyà kankan kò so wọ́n pọ̀. Òòfà inú irin ló ń gbé iná láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni agbára. Bí iná bá ń ṣe bàìbàì, ará Èkó á ní "lóò kọ́rẹ́ǹtì" dé. Fólítéèjì ló lọ sílẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì kọ́. Ẹlòmíràn á ní iná ò lágbára, agbára yìí kan náà la sì tún fi ń pe wáàtì. Ọ̀rọ̀ kan, nǹkan mẹ́ta. Nínú ilé, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n nídìí tiransifọ́mà, owó á jóná. Èmi ń fi ipá pe ohun tí fólítì ń wọ̀n, mo ń fi ìṣàn pe ti áńpíà, mo wá fi agbára sílẹ̀ fún wáàtì nìkan. (Áńpíà ni mo ń kọ, kó má bàa di pé áńpù ń jẹ áńpù.) Ẹni tó bá ń pe ìṣàn ní agbára á máa bẹ̀rù pé tiransifọ́mà oní-áńpíà mẹ́rin yóò jó fáàfù tó nílò mẹ́ta. Kò lè jó o. Fáàfù ló ń fa ìwọ̀n tó fẹ́. Tiransifọ́mà kì í tì í sí i lọ́rùn. Ipá tó bá pọ̀ jù ló ń ba fáàfù jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi áńpù tó ní fáàfù EL84 méjì àti fáàfù 12AX7 mẹ́ta wò ó. Òṣùká kan wà fún ìmúgbóná fáàfù, ipá rẹ̀ kò ju fólítì 6.3 lọ. EL84 kọ̀ọ̀kan ń fa áńpíà 0.76, 12AX7 kọ̀ọ̀kan ń fa 0.3, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.42. Èyí tí wọ́n kọ 3 sí lára tó o. Èyí tó jẹ́ 4 á tutù jù ú lọ. Òṣùká ipá gíga ni wọ́n máa ń kọ báyìí: 290-0-290. Òdo yẹn ni mo ń pè ní ojú àárín, ibi tí wọ́n ti fa wáyà jáde ní ìdajì òṣùká. Lára tiransifọ́mà Amẹ́ríkà, wáyà pupa méjì ló máa ń wà létí méjèèjì, pupa onílà yẹ́lò ni ti ojú àárín, aláwọ̀ ewé ni ti ìmúgbóná.

290 yẹn kọ́ ló ń dé fáàfù. Iná àlọ-àbọ̀ ni. Rẹ́kítífáyà ló ń sọ ọ́ di iná ọ̀nà-kan, kàpásítọ̀ á wá dì í mú ní góńgó, góńgó náà sì jẹ́ 290 ní ìlọ́po 1.414. Ó di 410. Ìwé EL84 ní kó má kọjá 300. Ẹni tó bá fi dáyóòdù ṣe rẹ́kítífáyà, kó wá 210-0-210 tàbí èyí tó kéré sí i. Bí rẹ́kítífáyà bá jẹ́ fáàfù EZ81, òun fúnra rẹ̀ máa ń jẹ lára ipá náà; ọ̀pọ̀ ń fi 290 ṣe é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ṣì ń kọjá 300 díẹ̀. Ṣùgbọ́n EZ81 á tún fa áńpíà kan sí i lára òṣùká ìmúgbóná, 2.42 á di 3.42, tiransifọ́mà oní-áńpíà mẹ́ta tí ẹ ti sanwó rẹ̀ kò sì ní tó mọ́. Ẹ má sì fọwọ́ kan inú rẹ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á: iná tó wà nínú kàpásítọ̀ tó pa èèyàn.

Ó ku iná ògiri. Iná Abidjan jẹ́ fólítì 220 sí 230, àlọ-àbọ̀ 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíi ti Nàìjíríà. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, àlọ-àbọ̀ 60. Nítorí tiransifọ́mà Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń ra àpótí tó ń sọ 230 di 120, ọkàn wọn á balẹ̀. Ipá nìkan ni àpótí yẹn ń yí padà, kò kan àlọ-àbọ̀. Nígbà tí àlọ-àbọ̀ bá lọ sílẹ̀ láti 60 sí 50, òòfà tí irin ní láti gbà á fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Bí wọn ò bá fi irin tó pọ̀ ṣe tiransifọ́mà náà, á máa gbóná, á máa kùn, ìgbà tó bá sì yá, òṣùká àgbàwọlé á jó. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ lábẹ́ ìdọ̀tí. Bó bá jẹ́ 50 tàbí 50/60, ẹ nájà. Bó bá jẹ́ 60 nìkan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.