Ta Ló Ń Bá Wa San Owó Ilé-Ìwé Tó Dínwó?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò yẹ kí a sọ ìtàn ilé-ìwé láìsọ ti ẹni tó ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìjọba ló gbé ìnáwó náà rù. Owó oṣù tíṣà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, kò sinmi lé àpò òbí mọ́.

Ìyípadà dé ní 1986, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ìnáwó ìjọba lórí ẹ̀kọ́ kò sì ká a mọ́. Ilé-ìwé aládàáni wá ń pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ di ọjà, òbí di oníbàárà.

Ẹ wo agbègbè wa. Lẹ́yìn tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, àwọn tí owó ilé Èkó ga jù fún ń ṣí wá sí Mowé àti Ìbàfọ̀. Ìfọ̀, ìlú ojú irin, gba tirẹ̀ náà. Ilé-ìwé ìjọba kò lè gba gbogbo ọmọ wọn, aládàáni ló dí àlàfo náà.

Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀. Ọjà yìí fún wọn níṣẹ́ nítòsí ilé, a kò lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn onílé-ìwé ń bá ara wọn du ọmọ, wọn kò lè fi kún owó tí òbí ń san. Owó oṣù tíṣà ni wọ́n ń gé. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti 2019 yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kéékèèké kò sì tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí owó náà di ₦70,000 ní 2024, etí lásán ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ọ̀pọ̀ tíṣà aládàáni kò rí kọ́bọ̀ gbà, nítorí pé owó ọmọ ni owó wọn.

Nítorí náà, bí owó ilé-ìwé bá dín fún wa, ìyá kan ló ń bá wa san ìyókù.

Àwa onílé-kéwú náà kò yọ sílẹ̀. Ànábì wa ti kọ́ wa pé kí a tètè sanwó alágbàṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ní ìpàdé: èló ni tíṣà ọmọ wa ń gbà? Bí ó bá lọ bímọ, ṣé yóò bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀? Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olódodo. Àmín.